Ẹgbàá Kan Jẹ́ Èló Lónìí? Ìtàn Owó Nínú Ẹbọ, Láti Ayé Owó Ẹyọ Dé Ayé Náírà

  Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ kan wá síwájú ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹní Ifá ṣùgbọ́n tí a kì í fẹ́ jókòó sọ. Ọ̀rọ̀ owó ni.

Bí Odù bá jáde, tí awo kì í tán, á dá iye ẹbọ. Ó lè jẹ́ ẹgbàá méjì, ó lè jẹ́ ẹgbẹ̀rìndínlógún, ó lè jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tó wá dáfá á wá béèrè pé, “Bàbá, èló ni ìyẹn lówó òde òní?” Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Awo kan á ní bí Ifá ṣe pè é gẹ́lẹ́ ni kó kó o wá ní náírà. Awo kejì á ní owó àtijọ́ nìyẹn, kò já mọ́ nǹkan kan mọ́, kó mú ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá. Awo kẹta á pa iye tí Ifá pè tì, á wo bàtà àti fóònù ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, á sì pe iye tirẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta là ń rí, ní Awo níbí, ní Ẹdẹ, ní Èkó, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn gbè lẹ́sẹ̀ ni pé iye tí Ifá ń pè kì í ṣe iye ọjà orí àtẹ. Òṣùwọ̀n ni. Ó ń sọ bí ọ̀ràn ṣe wúwo tó, àti ohun tí ẹni náà gbọ́dọ̀ yọ lára ọrọ̀ rẹ̀ kí ọ̀ràn náà tó fúyẹ́. Owó tí a ń bù sínú òṣùwọ̀n yìí ti yí padà léraléra: ẹyọ lọ, ṣílè dé; ṣílè lọ, náírà dé. Awo tó bá di owó mú tó gbàgbé òṣùwọ̀n yóò ṣìnà, oníbàárà rẹ̀ á sì bá a ṣìnà.

Ibi tí owó ẹyọ ti wá

Owó ẹyọ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Àlejò tó di onílé ni. Inú Òkun Íńdíà, ní àwọn erékùṣù Maldives, ni wọ́n ti ń kó o. Nígbà tí Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, dé ilẹ̀ Màlì ní 1352, ó bá wọn níbẹ̀ tí wọ́n ń ná an. Ọ̀nà aṣálẹ̀ ló gbà débẹ̀. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn Pọtogí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí etíkun ọ̀dọ̀ àwọn Bìní. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará Hóláńdì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, tí wọ́n ń rà á ní Íńdíà, tí wọ́n ń gbé e gba Amsterdam àti Lọ́ńdọ̀nù kọjá kí wọ́n tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa.

Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ sábẹ́ ahọ́n. Ohun tí púpọ̀ nínú ẹyọ wọ̀nyẹn wá rà ni ènìyàn. Jan Hogendorn àti Marion Johnson kọ ìwé kan lórí rẹ̀ ní 1986, owó òwò ẹrú ni wọ́n sì pe ẹyọ nínú àkọlé ìwé náà. Nítorí náà, bí a bá ń gbé ẹyọ ga lónìí gẹ́gẹ́ bí àmì àṣà, kí a má ṣe rò pé mímọ́ ni owó àtijọ́, pé ti ìsinsìnyí nìkan ló lẹ́gbin. Kò sí owó tí kò gba ọwọ́ burúkú kọjá rí. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé owó nìkan kì í dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹbọ. Obì á wà níbẹ̀, epo á wà níbẹ̀, ẹyẹ tàbí ẹran á wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ni ẹbọ náà á sì wà níbẹ̀.

Ọ̀nà tí a gbà ń ka ẹyọ ló ṣe pàtàkì fún àwa awo. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Okùn márùn-ún jẹ́ igba. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ yìí, àpò gan-an ni. Ẹrù orí ènìyàn kan ni. Adolphus Mann, ajíhìnrere tó gbé ní Ìjàyè, kọ àkọsílẹ̀ kan lórí ìṣirò Yorùbá tó jáde ní 1887. Ohun tó rí ni pé kíka owó ẹyọ ló bí ọ̀nà tí a gbà ń ka nǹkan mìíràn. Ẹ pe irinwó lẹ́nu yín kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹ ó gbọ́ owó nínú rẹ̀. Nígbà tí Ifá bá pe ẹgbàá tàbí ọ̀kẹ́, kò yí èdè òmìnú kankan. Èdè tí ọlọ́jà ń sọ lọ́jà ló ń sọ. Ẹni tó gbọ́ ọ̀kẹ́ kan nígbà náà mọ bí àpò náà ṣe ń wúwo lórí. Ọrùn rẹ̀ ti rù ú rí.

Ọ̀nà Ẹdẹ àti ọjà Àpòmù

Awo tí mo ti ń kọ ìwé yìí ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́, kò sì jìnnà sí Ẹdẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí owó àti Ifá ṣe pàdé ní agbègbè wa, kó wo ìtàn bí a ṣe tẹ Ẹdẹ dó. Samuel Johnson kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tó parí ní 1897 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ó ní ní ayé Aláàfin Kòrí, àwọn Ìjẹ̀ṣà ń jí ènìyàn gbé lóko, wọ́n sì ń dá àwọn oníṣòwò tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ọjà Àpòmù lọ́nà. Aláàfin wá rán Tìmì, ọdẹ ọlọ́fà, pé kó lọ dúró sí Ẹdẹ kó máa ṣọ́ ọ̀nà. Ọwá Ìjẹ̀ṣà náà kò dákẹ́, ó fi Atáọja sí Òṣogbo kó máa ṣọ́ Tìmì.

Ṣé ẹ rí i? Nítorí kí oníṣòwò lè kọjá láìséwu ni wọ́n ṣe fi Tìmì síbẹ̀. Irú àwọn tó ń rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló ń kún iwájú Ifá. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ Ifá ni ẹni tí wọ́n dáfá fún ti ń ṣòwò lọ; ọjà Èjìgbòmẹkùn kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ohun tí oníṣòwò ń béèrè nígbà náà ni pé ṣé ọ̀nà á dára, ṣé ọjà á tà, ṣé òun á padà wálé. Kò béèrè pé kí owó já bọ́ láti òkè. Ó ti ní ọjà lórí, ó ti ní ẹsẹ̀ tó fẹ́ fi rìn. Ẹbọ tó ń rú, lára owó òwò rẹ̀ ló ti ń yọ ọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dun ún díẹ̀. Ẹbọ tí kò dun ẹni tó rú u rárá, kò tíì di ẹbọ. Èyí tó sì pa òwò rẹ̀ run, ó ti kọjá ẹbọ.

Ẹgbàá di sísì

Nínú àwọn ọdún 1840, àwọn oníṣòwò ará Hamburg ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ mìíràn wá láti Zanzibar, ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Ẹyọ yìí tóbi ju ti Maldives lọ, owó rẹ̀ sì kéré níbi tí wọ́n ti ń kó o. Wọ́n dà á sí Wídà, sí Àgbádárìgì, sí Èkó, títí ó fi kún ilẹ̀. Ohun tó bá pọ̀ jù, iyì rẹ̀ á wálẹ̀. Àpò kan tó ń ra nǹkan ńlá tẹ́lẹ̀ kò rà á mọ́. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, owó fàdákà ń wọlé, ẹyọ ń rẹlẹ̀. Nígbà tó fi máa di òpin ọ̀rúndún náà, ẹgbàá kan kò ju sísì kan lọ, ìyẹn pẹ́nì mẹ́fà. Ọ̀kẹ́ kan wá di ṣílè márùn-ún. Ní 1904, ìjọba Gúúsù Nàìjíríà fòfin de kíkó ẹyọ wọlé. Ní 1912, wọ́n dá ìgbìmọ̀ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, owó tuntun sì tẹ̀ lé e ní 1913.

Kì í ṣe òfin nìkan ló lé ẹyọ lọ. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Ní 1907, ó ti gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo. Àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó tẹ̀ lé e, wọ́n ń ra èkùrọ́, wọ́n ń ra òwú, lẹ́yìn náà kòkó, owó onírin ni wọ́n sì fi ń sanwó. Ìran ọ̀pẹ tó ń fún wa ní ikin ló tún ń fún àwọn ìyá wa ní èkùrọ́ tí wọ́n ń tà gba sísì. Owó orí náà dé, èyí tó dá ìjà Àdùbí sílẹ̀ ní Ẹ̀gbá ní 1918. Owó ìjọba ni ìjọba sì ń gbà. Ẹni tó ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ẹyọ ní ìyẹ̀wù lè di ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ tó máa san.

Kí ni àwọn awo ṣe nígbà náà? William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó wá kọ́ nípa Ifá ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí rẹ̀ ní 1969. Ẹni tó bá ka àwọn ẹsẹ tó kó jọ yóò rí i pé iye ẹbọ ti di ṣílè, pẹ́nì àti onínì. Onínì ni owó kékeré tó níhò láàrin, mẹ́wàá rẹ̀ ló ń jẹ́ pẹ́nì kan. Bí a bá fi sísì kan ṣe ẹgbàá, ẹgbẹ̀rìndínlógún, ìyẹn 3,200, yóò jẹ́ pẹ́nì mẹ́sàn-án àti onínì mẹ́fà. Ìṣirò náà péye bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa kò yí iye tí Ifá pè padà lẹ́nu, owó tó wà lọ́wọ́ nìkan ni wọ́n yí.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Àwọn tó ń ṣe ìṣirò yìí ti ná ẹyọ fúnra wọn, tàbí òbí wọn ná an. Sísì nígbà náà ń ra oúnjẹ. Onínì pàápàá ń ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà. Ìdí tí ìṣirò wọn fi bófin mu ni pé owó tuntun náà ṣì ń dun ẹni tó ń yọ ọ́.

Àwìn, èsúsú àti sógúndogójì

Bí owó onírin ṣe tàn kálẹ̀ ni ìfẹ́ ọjà tuntun ń tàn kálẹ̀. Aṣọ òyìnbó, fìtílà, kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ, páànù ìbolé: ọmọ tó bá ta kòkó fẹ́ ní in. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló ń gbé aṣọ kiri ìlú àti abúlé, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n á padà wá gbowó. Orúkọ wọn ti sọ bí wọ́n ṣe ń gbà á: wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Àwọn tí kò fẹ́ irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ ń dá èsúsú. Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé rẹ̀. Bascom náà kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Èsúsú kò bí owó. Iye tí o dá ni wàá kó, àǹfààní rẹ̀ ni pé ó máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, o sì lè fi dá òwò sílẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ èsúsú ni sógúndogójì wà, ayánilówó tó ń fẹ́ kí ogún di ogójì. Ẹni tí kò rí owó san á lọ di ìwọ̀fà tàbí kó fi ọmọ ṣe é, iṣẹ́ rẹ̀ ló sì máa jẹ́ èlé. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú nínú èyí ni pé láti ayé bàbá ńlá wa ni ọ̀nà méjì ti wà. Ọ̀kan ń kó owó kéékèèké jọ títí tó fi ń di ńlá. Èkejì ń ṣèlérí ìlọ́po méjì. Ènìyàn tó wà lọ́nà kejì kò dín kù láti ìgbà náà, aṣọ tó ń wọ̀ nìkan ló ń pààrọ̀.

Bákan náà ni ìfọkàntán owó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, fàdákà wọ́n, ìjọba wá kó owó bébà jáde. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ gbà á. Lọ́jà, wọ́n ń dín iye tí wọ́n kọ sí i lára kù. Ní 2023, òdìkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Báńkì àpapọ̀ pààrọ̀ owó ńláńlá, bébà náà wá dàwátì. A rí i tí àwọn ènìyàn ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 3, Oṣù Kẹta, 2023, pé kí a ṣì máa ná ti àtijọ́. Àwọn ọmọ wa tó rí ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún ṣàlàyé fún wọn pé owó lè wà lórúkọ kó má sí lọ́wọ́.

Láàrin àádọ́ta kọ́bọ̀ àti ọ̀kẹ́ kan náírà

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Náírà méjì ni pọ́n-ùn kan. Ṣílè mẹ́wàá ni náírà kan. Sísì wá di kọ́bọ̀ márùn-ún, ọ̀pọ̀ àgbà sì ń pe kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì títí tí owó náà fi kúrò lọ́wọ́. Ní 1980, náírà kan ṣì ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Láti 1986, nígbà tí ìjọba gbé ètò SAP dé, ni ìrìn rẹ̀ ti ń lọ sísàlẹ̀. Láti Oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba tú iye náírà sílẹ̀ lọ́jà owó ilẹ̀ òkèèrè, ìsàlẹ̀ náà tún jìn sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Ifá pe ọ̀kẹ́ kan. Bí a bá tẹ̀ lé ìṣirò àwọn baba wa, ọ̀kẹ́ kan ni ṣílè márùn-ún, ṣílè márùn-ún ni àádọ́ta kọ́bọ̀. Ta ló ní àádọ́ta kọ́bọ̀ lọ́wọ́ lónìí? Kí ni yóò rà? Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀ràn ikú tàbí àrùn ló wà níwájú, àádọ́ta kọ́bọ̀ kò dun ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ìṣirò tó bófin mu ní 1937 kò bófin mu mọ́.

Bí a bá sì ní ẹyọ kan ni náírà kan, ọ̀kẹ́ kan ni 20,000 náírà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa? Kò sí ìgbà kankan nínú ìtàn tí ẹyọ kan bá náírà kan dọ́gba. Orúkọ nọ́ńbà nìkan ló jọra. Ó sì tún léwu fún ọjọ́ iwájú: náírà ń rẹlẹ̀, nígbà tó bá yá, 20,000 náírà náà lè má ra àkùkọ kan, àwa á tún wá nǹkan mìíràn dì mú. Láàrin àádọ́ta kọ́bọ̀ àti ọ̀kẹ́ kan náírà ni òtítọ́ wà, ibẹ̀ ni awo gbọ́dọ̀ lo làákàyè.

Ọ̀nà kan wà tí ìtàn fi hàn wá. Nínú ẹsẹ Ifá, owó kì í sábà dá wà. Ẹyẹlé méjì àti ẹgbàá méjì, àkùkọ kan àti ẹgbẹ̀rìndínlógún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń so mọ́ra. Àwọn tó kọ́kọ́ ń kì í mọ iye ẹyẹlé lọ́jà, wọ́n sì mọ ohun tí ẹgbàá lè rà. Ẹyẹ kò yí padà. Ẹyẹlé òní ni ẹyẹlé àná. Bí a bá fẹ́ mọ ìwúwo owó inú ẹbọ, kí a wo ohun ẹlẹ́mìí àti oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a béèrè iye wọn lọ́jà lọ́jọ́ náà. Owó tí a bá fi kún un gbọ́dọ̀ bá wọn ṣe ẹgbẹ́. Kó má kéré bí ẹni ń fi Ifá ṣeré. Kó má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ àti obì á fi dà bí àwáwí lásán.

Ipò ajé nínú ire

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé kí ni a ń tìtorí rẹ̀ rúbọ. Ẹ wo bí a ṣe ń to ire. Ire àìkú ló ṣíwájú, ire ajé tẹ̀ lé e, kí ire aya tàbí ọkọ, ire ọmọ àti ire ìṣẹ́gun tó dé. Ajé kò kéré; ipò kejì kì í ṣe ipò ẹ̀yìn. Ifá kò bú olówó, kò sì fi òṣì ṣe ìwà mímọ́. Ṣùgbọ́n àìkú ló wà níwájú ajé. Owó tó bá máa gba ẹ̀mí, ìbáà jẹ́ ẹ̀mí ẹni tàbí ẹ̀mí ẹlòmíràn, ti yí ètò náà po, kò sì sí awo tó lè pè é ní ire.

Ẹ tún rántí ìtàn Ọ̀bàrà tí a mọ̀ bí ẹní mowó. Àwọn Odù lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́fin, ó fún wọn ní elégédé lọ sílé. Wọ́n rò pé ó fojú di wọ́n, wọ́n kó elégédé náà fún Ọ̀bàrà tó jẹ́ tálákà láàrin wọn. Ebi mú kí Ọ̀bàrà gé e, ọrọ̀ ló bá nínú rẹ̀. A máa ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn oríire. Mo fẹ́ kí a tún wo apá kejì rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó kù ni ọrọ̀ náà kọ́kọ́ dé. Ojú ayé ni kò jẹ́ kí wọ́n gbà á. Elégédé kò bá ipò wọn mu. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ṣe ń kọ iṣẹ́ ọwọ́, oko àti ọjà kékeré sílẹ̀ lónìí nítorí pé kò ṣeé gbé sórí fóònù fún ọ̀rẹ́ wò.

Ogún tí yóò di ogójì

Sógúndogójì ti pààrọ̀ aṣọ. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ MMM wọ Nàìjíríà, ó ń ṣèlérí èlé 30 nínú 100 lóṣooṣù. Ní Oṣù Kejìlá 2016, ó ti owó àwọn ènìyàn pa. Òmíràn tó ń jẹ́ CBEX sọ pé owó á di ìlọ́po méjì láàrin nǹkan bí oṣù kan. Ní Oṣù Kẹrin 2025, ó dà wó, àwọn tínú ń bí sì lọ kó ẹrù ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìlọ́po méjì, ogún di ogójì: kò sí ohun tuntun níbẹ̀ àfi íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tí irú èyí bá gbá lówó, tàbí tó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ tuntun, ló máa ń wá sọ́dọ̀ wa pé òun fẹ́ oògùn owó. Láti 1992 tí fíìmù Living in Bondage ti jáde lédè Ìgbò, sinimá ti kọ́ àwọn ènìyàn pé ẹ̀mí ènìyàn ń di owó. Àwọn ọ̀daràn gba ẹ̀kọ́ náà gbọ́. Ní Oṣù Kejì 2022, ọ̀rọ̀ ìpànìyàn torí owó dé iwájú Ilé Aṣòfin ní Àbújá. Ta ni ojú ń wò bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀? Awa ni. Ìtàn owó tí mo ti kà sílẹ̀ yìí ló sì lè dá wa láre. Odindi ìgbà tí ẹyọ fi jẹ́ owó, ilẹ̀ òkèèrè ni ẹyọ ti ń wá, òwò ló ń gbé e wọlé. Nígbà tó di fàdákà, ìjọba ló ń rọ ọ́. Nígbà tó di bébà, ilé ìtẹ̀wé ló ń tẹ̀ ẹ́. Kò sí ibi kankan nínú ọ̀nà yẹn tí awo ti ń bí owó nínú igbá. Bí ó bá ṣeé ṣe ni, kí ló dé tí àwọn baba wa tó nímọ̀ jù wá lọ fi sin èkùrọ́ lọ sí ìdí ọkọ̀ ojú irin kí wọ́n tó rí owó orí san?

Ohun tó yẹ kí a ṣe

Mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ jókòó lórí nǹkan márùn-ún.

Èkíní, kí a pe iye tí Ifá pè gẹ́gẹ́ bó ṣe pè é, kí a má ṣe sọ ọ́ di náírà lẹ́nu. Kí a fi ẹyọ gidi dúró fún un nínú ẹbọ: ẹyọ kan fún ẹgbàá kan, mẹ́wàá fún ọ̀kẹ́ kan. Ẹyọ kò tíì kúrò nídìí Ifá rí. Òun là ń so pọ̀ ní méjì fún ìbò tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni, òun ni ẹ̀rìndínlógún.

Èkejì, kí owó òde òní tó bá wọ inú ẹbọ má ṣe ju iye ẹyẹ, ẹran àti oúnjẹ ẹbọ náà lọ lọ́jà ọjọ́ náà.

Ẹ̀kẹta, kí owó iṣẹ́ awo dá dúró. Awo ń jẹun, awo ń wọ ọkọ̀, ọmọ awo ń lọ sí ilé ìwé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú wà nínú kí a fi owó iṣẹ́ wa pa mọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ Ifá. Kí a sọ ọ́ kí a tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹnikẹ́ni má yá owó èlé rúbọ. Ìbò wà. Bí agbára oníbàárà kò bá ká a, kí a bi Ifá léèrè ohun tó máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a má sì tijú láti gba ìdáhùn náà. Ẹni tó wà ní òkèèrè tó fi owó ránṣẹ́ nípasẹ̀ báńkì náà ń kọ́? Owó náà kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Kó ní ẹyọ méjì lọ́dọ̀ rẹ̀ tó máa sọ̀rọ̀ sí lára, kó sì wà lórí fóònù nígbà tí ẹbọ ń lọ.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹni tó ń wá owó bá dé, kí awo kọ́kọ́ bi í léèrè pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, èló ló ń wọlé, èló ló ń jáde, ta ló jẹ ní gbèsè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹnu ìbéèrè yìí ni wọ́n á ti rí ibi tí ń jò. Bí kò bá sì ní iṣẹ́ kankan, tí kò fẹ́ ṣe ọ̀kan, kí a sọ fún un pé Ifá ń tún ọ̀nà ṣe fún ẹni tó ń rìn ni. Tìmì ṣọ́ ọ̀nà Àpòmù, kò ru ẹrù ọlọ́jà fún un.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo awo ló máa fara mọ́ èkejì àti ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kó kọ ọ́ ránṣẹ́, kó sì fi ìtàn tàbí ẹsẹ tì í lẹ́yìn, kí a lè jọ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ìgbìmọ̀ bá tún pàdé.